Àwọn Ọlọ Etí Adágún

Bí o bá rí òkúta ní Wárì, ọkọ̀ ló gbé e wá. Ẹrẹ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀. Bí o bá gbẹ́ ẹ títí ó fi mù ọ́ dé ọrùn, ẹrẹ̀ náà ni wàá tún bá nísàlẹ̀. Èmi tí wọ́n bí sábẹ́ àpáta ní Ìgbẹ́tì, tó jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé ìyá mi gan-an ni òkè ti bẹ̀rẹ̀, mo lo ọdún mẹ́ta gbáko nílùú yẹn kí ẹsẹ̀ mi tó gbà pé ilẹ̀ ni mo ń tẹ̀. Ọkọ mi, Sàláhúdéènì, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ló mú mi débẹ̀. Ó wo ìlú tí kò ní òkúta, ó wo ìyàwó rẹ̀ tó mọ òkúta, ó ní, "Kúbúrátù, iṣẹ́ rẹ ti wà nílẹ̀." Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọlọ ní Deco Road nìyẹn.

Ọlọ títà kì í ṣe ká to òkúta síwájú ká máa lé eṣinṣin. Ìyá mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mọ èyí tó dára. Wàá mú òkúta kékeré, wàá fi kan ojú ọlọ, wàá gbé etí sí i. Bó bá dún gbangba bí irin, ó le dénú. Bó bá dún bọ̀ọ̀ bí ẹni gbá ikùn ẹni tó yó, ó ti sán níbì kan. Lẹ́yìn ìyẹn, wàá wọ́n omi sí i, wàá fi ọmọ ọlọ lọ omi náà díẹ̀, wàá sì fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Bí ohunkóhun bá ta eyín rẹ, dá a padà fún ọlọ́kọ̀. Ogún ọdún ni mo fi ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bá iyanrìn nínú ata nítorí mi.

Ọdún kejì lẹ́yìn owó Udójì, tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, ni nǹkan yí padà. Owó epo pọ̀ lóde, títì ni wọ́n ń ṣe káàkiri, gbogbo ẹni tó gba iṣẹ́ títì ló sì ń wá òkúta. Àwọn ọkùnrin tó ń gbẹ́ ọlọ fún mi nílé ní Ìgbẹ́tì sọ òòlù wọn sílẹ̀, wọ́n lọ ń fọ́ òkúta títì. Ẹ̀tù ni wọ́n fi ń fọ́ ọ. Òkúta tí ẹ̀tù bá sì ti mì, kò ṣeé fi ṣe ọlọ mọ́, inú rẹ̀ á ti sán kó tó kúrò lára àpáta. Èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ wá ń kó fún mi láti ibòmíràn pupa, ó rọ̀, ó sì ń da iyanrìn. Mo máa ń tọ́ gbogbo rẹ̀ wò, màá wá ṣa èyí tí tirẹ̀ sàn díẹ̀. Sísàn díẹ̀ kì í ṣe dídára.

Rebecca, obìnrin Urhobo tó ń se ọbẹ̀ ẹyìn àti sítáàṣì, òkèlè ilẹ̀ wọn, tà ní ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù mi, ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ fún mi. Ó ru ọlọ tó rà lọ́wọ́ mi wá, ó gbé e kalẹ̀ gbì níwájú mi.

"Mama Sadi, carry your stone. E don dey chop soup pass my customers."

Ó ní awakọ̀ ọkọ̀ epo kan tutọ́ iyanrìn sílẹ̀ lójú gbogbo àwọn tó ń jẹun, ó sì bi òun léèrè bóyá etí odò lòun ti lọ bu ọbẹ̀ náà. Mo bẹ Rebecca, mo gba ọlọ náà padà. Ìyẹn ni ẹlẹ́ẹ̀kẹrin lóṣù kan.

Ọmọ mi Sàdíátù wà níbẹ̀. Wárì la bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá délẹ̀délẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá bá a sọ ọ́, èdè Wárì ló máa fi dá ọ lóhùn.

"Mama, stone don finish," ó ní. "Make we dey sell plate and blender."

"Iná tó máa ń lọ lójoojúmọ́ yìí ńkọ́?"

"At least blender no get sand."

Lálẹ́ ọjọ́ náà la jọ fẹnu kò. Bí Iléyá bá dé tí n kò tíì rí òkúta tó dára, màá kó ọlọ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, òun á kó àwo sí i, èmi á sì padà sí Ìgbẹ́tì. Iléyá ku oṣù méjì. Kì í ṣe pé Ìgbẹ́tì ò wù mí. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé èmi ni mo bọ̀ wálé, kó má jẹ́ pé iyanrìn ló lé mi wá.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Adébùkọ́lá wá ra ọlọ. Ọmọ Èkó ni, iṣẹ́ epo ló gbé ọkọ rẹ̀ wá, Ogunu ni wọ́n ń gbé. Ó ní bùlẹ́ńdà nílé, ṣùgbọ́n ọkọ òun ní ata rẹ̀ dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Mo sọ fún un pé n kò ní ọlọ tí mo lè tà fún un.

"Ìyá, gbogbo èyí tó wà nílẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Ọmọ mi, kò yẹ ọ́. Lọ fara mọ́ bùlẹ́ńdà rẹ ná."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ní ọjọ́ kejì, ó mú ọkọ rẹ̀ wá, ó ní kó wá wo obìnrin tó kọ̀ láti tajà. Olúsànmí lorúkọ ọkùnrin náà. Iṣẹ́ rẹ̀ nílé iṣẹ́ epo ni kó máa yẹ òkúta tí wọ́n bá fà jáde láti ìsàlẹ̀ kànga wò. Ó ṣíjú wo ọlọ pupa mi, ó yọ dígí kékeré kan tó ń sọ nǹkan di ńlá lápò, ó fi wò ó títí.

"Ìyá, iyanrìn ni òkúta yìí tẹ́lẹ̀. Ó fẹ́ padà di iyanrìn ni."

"Èwo ni kò ní fẹ́ padà?"

"Ẹ wá èyí tó jẹ́ iná tẹ́lẹ̀."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fìdí kalẹ̀ sórí àpótí mi, ó sì ṣàlàyé. Ó ní àwọn òkè kan wà lókè Àríwá tí wọ́n ti bi iná rí, kí ẹnikẹ́ni tó máa kọ́lé sí ìtòsí wọn. Iná náà ṣàn bí ẹ̀kọ, ó tutù, ó sì di òkúta dúdú tó le ju irin lọ. Ó ní ọ̀kan wà tó ti ń wu òun láti rí, nínú ọgbà ńlá kan tí ìjọba yà sọ́tọ̀, kọjá Jọ́ọ̀sì. Òkè náà ti kú. Adágún omi ló wà lẹ́nu rẹ̀ báyìí, níbi tí iná ti ń jáde tẹ́lẹ̀. Òun àti ìyàwó òun máa fi ìsinmi wọn lọ wò ó, ohun tó kàn ń dí àwọn lọ́wọ́ ni pé àwọn ò gbọ́ Haúsá.

Bùkọ́lá ní, "Lọ́jọ́sí a béèrè omi ní Kàdúná, ilé ìmáàmù ni wọ́n mú wa lọ."

Èmi gbọ́ Haúsá. Jẹ́bà ni mo gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kí n tó relé ọkọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti fi ọjọ́ sí i.

Nígbà tí Sàdíátù gbọ́, ó pàtẹ́wọ́. "People dey go Mecca. My own mama dey go see stone."

Mo ní, "Òkúta wà ní Mẹ́kà náà."

Píjò 504 Sànmí la wọ̀. A gba orí afárá Ọnítíṣà kọjá, ọjọ́ mẹ́ta la fi rìn, a ń sùn lọ́nà. Láti odò Bẹ́núé ni ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Bí mo ṣe rí àpáta àkọ́kọ́ létí títì, mo ní kí Sànmí dúró. Ó dúró, ó yíjú sápá kejì, ó rò pé mo fẹ́ lọ ṣe nǹkan mìíràn. Mo lọ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá àpáta náà, ara rẹ̀ gbóná nínú oòrùn, mo padà wọ ọkọ̀.

Ọjọ́bọ̀ la dé ẹnu ọ̀nà ọgbà. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ ń jẹ́ Bùkárì, ó tó ẹni ogójì ọdún, ó wọ káakí, ó gbé ìbọn gígùn kọ́ èjìká. Ó kí wa dáadáa, ó wá ka òfin fún wa ní Haúsá, èmi ni mo ń túmọ̀. Ẹ lè wo ohun gbogbo, ẹ ò lè mú ohunkóhun. Ewé, ìyẹ́, ìwo ẹranko, òkúta, ti ìjọba ni gbogbo rẹ̀.

Ahọ́n mi dúró níbi tí mo dé òkúta.

"Sànmí, o gbọ́? Wọ́n ní a ò lè mú òkúta."

Ó gbé ojú sílẹ̀. Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. "Ìyá, ẹ kọ́kọ́ wá wò ó ná. Iná yẹn ò mọ ibi tí ìjọba máa fa ìlà sí. Bó bá ṣàn wọnú ọgbà, ó lè ṣàn jáde."

N kò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi gun òkè náà dé ìdajì. Orúnkún mi ọ̀tún ti ń ké. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yọ sí etí òkè tí mo wo ìsàlẹ̀, ìbínú náà tán lára mi. Omi náà rí róbótó, ó tòrò, bí ìgbà tí ènìyàn bu omi sínú igbá dúdú tó sì rọra gbé e kalẹ̀. Àgbọ̀nrín méjì ń mu omi lódìkejì. Ẹyẹ funfun ń fò lórí rẹ̀, o sì ń rí ẹyẹ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí Sànmí ní iná ti jáde nìyẹn.

A sọ̀kalẹ̀ dé etí omi. Mo mú òkúta kékeré, mo fi kan ọ̀kan nínú àwọn òkúta dúdú náà. Ó dún tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbọ̀nrín fi gbórí sókè. Mo wọ́n omi sí i, mo lọ̀ ọ́, mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Bùkárì ń wò mí.

"Ìyá, ebi ń pa yín ni?"

"Ebi mìíràn ni."

Kò sí nǹkan kan láàárín eyín mi, àfi omi. Inú mi dùn, ó sì bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí mo wá rèé, ti ìjọba ni.

Bùkọ́lá ti lọ jókòó lábẹ́ igi kan, ó ń gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò nínú bàtà rẹ̀. Mo wo ohun tó jókòó lé. Mo wo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Wọ́n tó bíi mọ́kànlá, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n gbé ẹ̀yìn sókè bí ahun.

"Bùkọ́lá, dìde. Ẹrù ẹlẹ́rù lo jókòó lé."

Sànmí ní òkúta lásán ni. Ó ti wò wọ́n kọjá lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú dígí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í rìnrìn àjò láìdojú ọlọ rẹ̀ délẹ̀. Ó ní bí òun ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ewúrẹ́ á lá a, òjò á dúró sí i, alángbá á sùn nínú rẹ̀. Ọlọ tó bá gbójú sókè, ó ní ẹni tó rí i lè rò pé ẹni tó ni ín ti kú. Èyí tó bá dojú délẹ̀ ń retí ẹni tó ń bọ̀.

Mo ní kí Sànmí bá mi gbé èyí tó wà ní ìparí ìlà náà. A ru ú sókè, a yí i padà. Inú rẹ̀ jin bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń gba nǹkan, ó dán, igun rẹ̀ kan sì ti kán.

Bùkárì sọ ìbọn rẹ̀ kalẹ̀.

"Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń rìn níbí," ó ní. "Orí wọn ni mo máa ń gbé ẹsẹ̀ lé bí mo bá fẹ́ so okùn bàtà mi."

Ó ní etí adágún yìí ni abúlé àwọn wà nígbà òyìnbó, kí wọ́n tó ní kí gbogbo ènìyàn sọ̀kalẹ̀ nítorí ẹranko. Ọmọ ọdún márùn-ún lòun nígbà náà. Koríko àti igi ni wọ́n fi kọ́lé, kò sí ohun tó kù tí òun fi lè mọ ojú ibẹ̀. Ìyá òun máa ń sọ pé òun fi ọlọ òun sílẹ̀ níbẹ̀, òun Bùkárì sì rò pé ó ti fọ́ ni.

"Ìyá yín ṣì wà láyé?"

"Ó wà nísàlẹ̀. Òun lẹ máa bi nípa òkúta tó wà lẹ́yìn ọgbà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ kí oòrùn tó wọ̀."

Ó ń yára níwájú wa bí ọmọdé tí wọ́n rán níṣẹ́ tó dùn mọ́ ọn.

A bá ìyá Bùkárì níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Arúgbó tín-ínrín ni, ojú rẹ̀ mú. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe fún un, mo sọ ohun tí mo ń wá, mo sì sọ ohun tí mo rí. Nígbà tí mo dé orí igun tó kán, ó fọwọ́ kan ẹnu ara rẹ̀.

"Ọjọ́ tí mo wọlé ọkọ ni mo jẹ́ kó já bọ́. Ìyá ọkọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méje." Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá wò mí. "O yí i padà, o wò ó. Ṣé o tún dojú rẹ̀ délẹ̀ kí o tó kúrò?"

N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ọmọ ìyá mi. Inú dídùn àti ìkánjú ló mú mi gbàgbé. Bùkárì wolẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ pé mo dojú rẹ̀ délẹ̀, kò ní tú àṣírí mi, ó tilẹ̀ lè sáré lọ ṣe é lówùúrọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ohun tí mo rin ọjọ́ mẹ́ta wá béèrè sì wà lẹ́nu obìnrin yìí.

"N kò ṣe é, ìyá. Mo gbàgbé."

Ó padà sí ẹ̀wà rẹ̀. "Ó ń gbójú sókè nísinsìnyí nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹni tó ṣí i ni kó lọ dé e. Lẹ́yìn ìyẹn la ó sọ̀rọ̀ òkúta."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó mú mi wá. Sànmí fọwọ́ ra orí. "Ìyá, kùtùkùtù ọ̀la ló yẹ ká kúrò. Ọjọ́ Ajé ni mo gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wo orúnkún yín náà."

Bùkọ́lá ló dá a lóhùn. "Sànmí, láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọ ni mo ti ń dúró kí o wo òkúta tán. Jẹ́ kí Ìyá lọ wo tiwọn fún wákàtí mélòó kan."

Sànmí bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ní òun máa fi eré ọkọ̀ dí àkókò náà.

Bí mo ṣe kírun àsùbáà tán, èmi, Bùkọ́lá àti Bùkárì gun òkè náà. Bùkọ́lá di apá mi mú níbi tó bá ga. Mo jókòó lẹ́ẹ̀mẹrin, n kò fi pamọ́. Nígbà tí a dé etí omi, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú adágún, mo sì bá ohun tí ìyá mi ti sọ. Alángbá olórí pupa kan na ara sínú ọlọ náà, ó ń yá oòrùn bí onílé.

Mo lé e. Mo bu omi adágún, mo fi fọ ojú ọlọ. Kí a tó gbé e, Bùkárì ní kí n dúró. Ó kúnlẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sínú ibi tó jin náà, ó fà á lọ, ó fà á bọ̀, bí ẹni ń lọ ata. Ó bá dìde. A dojú rẹ̀ délẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ò tíì kúrò níbi tó wà. Ó ní, "Kí lo bá nínú rẹ̀?"

"Alángbá ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó mú ọ̀pá, ó dìde, ó gba ẹ̀yìn oko ẹ̀wà lọ, a tẹ̀ lé e. Kò jìnnà ju ohùn ìpè méjì lọ. Ipa odò gbígbẹ kan ló wà níbẹ̀, òkúta dúdú ló kún inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọkùnrin méjì sì ń gbẹ́ ọlọ lábẹ́ igi. Iná yẹn ti ṣàn jáde lóòótọ́.

"Ṣé o rò pé inú adágún la ti ń gbẹ́ tiwa ni?" ìyá Bùkárì bi mí.

Ó tọ́ka sí ọlọ mẹ́ta, ó ní kí n mú ọ̀kan. Mo kan wọ́n, mo gbọ́ wọn, mo tọ́ wọn wò, mo mú èyí tó kéré jù, nítorí òun ló dún jù. Àwọn ọkùnrin náà wo ara wọn. Arúgbó náà ní kí wọ́n máa tọ́jú irú rẹ̀ dè mí, ọkọ̀ tó bá ń kó àlùbọ́sà àti ẹ̀wà lọ sí Wárì á máa gbé e.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ dé nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ mọ́kànlá. Gbogbo ọlọ náà ń rùn bí àlùbọ́sà. Rebecca ni mo kọ́kọ́ pè. Kò gbà mí gbọ́, ó mú ata tirẹ̀ wá, ó lọ̀ ọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó fi ìka bù ú, ó jẹ ẹ́ ní tútù, ó fà á láàárín eyín. Omi ń dà lójú rẹ̀.

"Mama Sadi," ó ní, "this one na stone." Ó ru ú lọ.

Mo pín ṣọ́ọ̀bù náà sí méjì. Sàdíátù kó àwo sí apá kan, ọlọ wà lápá kejì. Ó ní kì í ṣe pé òun gbà fún mi, ó ní àyè ló pọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i nígbà tí ọkọ̀ kejì dé. Ó mú òkúta kékeré, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi kan ọ̀kan nínú àwọn ọlọ náà, ó gbé etí sí i.

Ọkọ̀ kejì yẹn ló mú iṣẹ́ tí Bùkárì rán wá. Ó ní òun tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá òun, òun gbé ìyá òun gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sí etí adágún. Ó ní ìyá náà lọ ata, ó jẹun níbẹ̀, ó mọ ojú ilé olúkúlùkù àwọn tó ni ọlọ mẹ́wàá yòókù. Kó tó sọ̀kalẹ̀, ó tún dojú tirẹ̀ délẹ̀.

Mo sọ ìtàn náà fún Sàdíátù bó ṣe rí, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń to àwo, n kò mọ̀ bóyá ó ń gbọ́. Lẹ́yìn Iléyá, ó ń lọ ra ọjà ní Èkó. Ọkọ̀ ti dúró lójú títì, ó ń fọn fèrè, Sàdíátù ti gbé báàgì kọ́ apá. Ó ní òun gbàgbé nǹkan kan. Ó padà sẹ́yìn, sínú ilé ìdáná, níbi tí ọlọ wa wà. Mo gbọ́ tí nǹkan wúwo dún gbì nílẹ̀, ó bá jáde, ó ń gbọn ọwọ́.

"Mama, I dey come," ó ní.

Mo ní, "Mo ti mọ̀."